Ẹ̀jẹ̀ Saeedah Nínú Oyin

Òórùn ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kan wà lábẹ́ ibùsùn Bàbá. Mo wọlé láti gbálẹ̀ lẹ́yìn ìrun súbúhì, mo sì rò pé eku ló kú síbẹ̀. Kì í ṣe òórùn eku. Èyí kọ́kọ́ dùn nímú bí oyin, lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn yọrí lábẹ́ adùn náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kọjá ní ìsọ̀ alápatà nígbà tí oòrùn bá ti pa ẹran tán. Mo kúnlẹ̀, mo fà á jáde. Abọ́ tánńganran funfun ni, wọ́n fi aṣọ dé e lórí. Eṣinṣin, àwọn ńlá aláwọ̀ ewé yẹn, bò ó pitimu. Wọn ò tilẹ̀ fò nígbà tí mo ju ìgbálẹ̀ sí wọn. Wọ́n kàn rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, bí ẹni tó ti yó.

"Úmù, dá a padà síbẹ̀," Bàbá wí lẹ́nu ọ̀nà. "Oògùn àbúrò ẹ ni."

Inú wọn dùn. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn.

Àáfà Àbdùlkàdírì ni bàbá wa àgbà. Àwọn ló tọ́ èmi Ummu-Kulthum àti Saeedah àbúrò mi dàgbà ní agboolé wa ní Pàkátà, ní Ìlọrin, láti ìgbà tí màmá wa ti ṣaláìsí tí bàbá wa sì ti kó lọ sí Jẹ́ddà. Saeedah lọ sí yunifásítì ní Malete. Èmi kò lọ sí ibì kankan. Iwájú Bàbá ni mo ti kọ́ kéú, iwájú wọn náà ni mo ti kọ́ ìwé Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, lórí ẹní kan náà. Nínú ilé wa, ọmọbìnrin kì í wo ojú Bàbá kó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti abọ́ náà padà sábẹ́ ibùsùn, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Saeedah ni.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ń yọ àmì dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní lukímíà ni, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà Bọ́sẹ̀dé ló ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó jókòó ti Bàbá, ó ṣàlàyé fún wọn.

"Bàbá, àwọn funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa, sójà ni wọ́n. Àwọn ló ń lé àrùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ Saeedah, àwọn kan lára wọn ti ya ìpáǹle. Wọn ò jagun, wọn ò dàgbà, wọ́n kàn ń bí sí i ni, wọ́n sì ń gbàyè mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Bàbá bi í. "Kí ló dé tí wọn ò pa wọ́n?"

"Ìbéèrè yín dáa, sà. Wọn ò dá wọn mọ̀ ni. Ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìpáǹle yìí ní ilà kan lára tí àwọn ọmọ dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Áńtíjìn là ń pè é. Àwọn onímọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa mú ilà yẹn han àwọn sójà ara, kí wọ́n ní, ẹ wò ó dáadáa o, ẹni tí ẹ bá ti rí tó kọ irú èyí, ẹ pa á. Wọ́n ń dán an wò lára àwọn aláìsàn kan nílùú òyìnbó. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Díríìpù oògùn tó ń pa wọ́n ni tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ."

Bàbá fi ìka tọ gọ́ńbọ́, ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé.

"Ká fi han ara! Ó ti yé mi," ni wọ́n wí.

Ohun tó yé Bàbá rèé. Ní ilé wa, bí a bá fẹ́ kí nǹkan wọ inú ara, mímu ni à ń mu ún. Bàbá á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sára wàláà, pákó tí a fi ń kọ́ kéú, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó di hàntú, a ó gbé e mu. Kí n tó mọ̀wé kà, mo ti mu odidi súrà. Ibà ló bá ń ṣe ọ, hàntú ni. Orí ẹ bá ń gbàgbé, hàntú ni. Nítorí náà, bí dókítà ṣe ní kí ara rí ilà ọ̀tá, Bàbá ti rí ọ̀nà. Ibo ni ọ̀tá wà? Inú ẹ̀jẹ̀ Saeedah. Ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ fi oyin fọ̀ ọ́, kí ó mu ún, kí àwọn sójà rí ilà.

Nígbà tí imú Saeedah ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn díríìpù kejì, Bàbá fúnra wọn ló gbé abọ́ sí i lábẹ́ imú. Mo rò pé torí kí ẹní má bàa dọ̀tí ni. Ẹ̀jẹ̀ náà kán, ó kán, ó ń fà bí ilá, ó wá dì sí ìsàlẹ̀ abọ́. Mo na ọwọ́ láti gbà á kí n lọ dà á nù, wọn ò fún mi. Wọ́n tún mú òwú tí mo fi dí imú rẹ̀, wọ́n fún un sínú abọ́ bí ẹni ń fún ọsàn. Ikun wà lára òwú náà. Mo rí i bó ṣe gùn láti ìka Bàbá títí dé inú abọ́, tí kò já.

Àlàájà Hùmúàní, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ló gbé oyin wá àti hábátù sáúdà, hóró dúdú tí wọ́n lọ̀ kúnná. Àwọn ló ń dáná ìnáwó fún ìdajì Pàkátà, kò sí ohun tí wọn ò lè rò pọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ki ọmọ orógùn bọ inú abọ́, wọ́n ń ro ó, wọ́n ń fọ́ àwọn ìṣù ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ bí ẹni ń fọ́ kókó ẹ̀kọ. Bí wọ́n ṣe parí, àṣà ọwọ́ alásè kò jẹ́ kí wọ́n rò ó, wọ́n fi ìka gbá ẹnu orógùn, wọ́n sì lá a.

Mo di ẹnu mi mú.

"Kí lo ń wò?" wọ́n ní. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó wo ìka wọn. Wọ́n fi í nu ìrọ́ wọn. "Ẹ̀ẹ́, oyin gidi ni ṣá."

Láti ọjọ́ yẹn ni abọ́ náà ti wà lábẹ́ ibùsùn. Bàbá ń gbàdúrà sí i lójoojúmọ́. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni Saeedah máa mu ún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ́sálásí dé. Wọ́n sì ní kò ní lọ gba díríìpù ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́, torí pé díríìpù náà ń pa àwọn sójà rere pọ̀ mọ́ àwọn ìpáǹle, ara kò sì lè fi òkú sójà jagun. Ibi tó dùn mí jù ni pé wọn ò purọ́ níbẹ̀. Bí díríìpù ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, mo lọ bá Saeedah nínú yàrá. Irun orí rẹ̀ ti re tán, ó fi ìborùn wé e bí ẹni ń lọ òde.

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú abọ́ yẹn?" mo bi í.

"Ẹ̀jẹ̀ mi mà ni. Ṣebí mo ti ń gbé e mì láti imú bọ̀ ọ̀nà ọ̀fun lójoojúmọ́. Kí ló tún jẹ́ tuntun níbẹ̀?"

"Ó ti ń rà, Saeedah. Ó ń rùn."

"Èmi náà ń rùn." Ó rẹ́rìn-ín, èrìgì rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Àǹtí Úmù, ẹ ò mọ bó ṣe ń ṣe mí. Tí wọ́n bá ti fa díríìpù yẹn sí mi lára, ẹnu mi á dà bíi kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Ọ̀fun mi á bó. Mo ń bì ohun tí n kò jẹ. Wálàhí, bí wọ́n bá ní ìgbẹ́ màlúù ni kí n mu kí n má bàa padà síbẹ̀, màá ní kí wọ́n bá mi wá ṣíbí."

Mo bu omi fún un, ó fi yọ ẹnu, ó tu ú sínú abọ́ ìfọṣọ, omi náà sì pupa.

Mo mú fóònù rẹ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo pe Dókítà Bọ́sẹ̀dé. N kò pe dókítà rí. Jẹ́jẹ́ ni mo fi kí i.

"Ta nìyẹn? Sọ̀rọ̀ sókè."

"Èmi ni, mà. Ẹ̀gbọ́n Saeedah."

"Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"Jésù!" ló wí. "Gbọ́ mi dáadáa. Má jẹ́ kí ó kan ẹnu rẹ̀. Àwọn sójà rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá báyìí. Kòkòrò tó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rírà yẹn lè pa á kí lukímíà tó yíjú. Àwọn tí mo sọ fún Bàbá nípa wọn, ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún aláìsàn mu? Ẹyọ ilà yẹn nìkan ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀, kò lẹ́mìí, kò dọ̀tí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fi í sábẹ́ awọ, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó máa jí àwọn sójà. Ìgbà tí díríìpù bá sì ti dín ọ̀tá kù ni wọ́n máa ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo ẹ̀ náà tó, ó ń ṣiṣẹ́ lára àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ lára àwọn kan. Wọn ò tíì ṣe é tán. Fún Bàbá ní fóònù."

"Wọ́n ti lọ sí mọ́sálásí, mà. Òní ni Jímọ̀."

"Wọ́ọ̀dù mi kún, mi ò lè kúrò níbí. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní ẹ̀ẹ́n. Mo wá Àlàájà lọ ní ìdí ààrò, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́. Àlàájà fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Sùbùhánàlàhì! Úmù wa ti di dókítà! Ìwọ tí wọ́n bá ní kó o kí àlejò, tí àlejò á fi etí sí ẹ lẹ́nu kó tó gbọ́. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán yẹn ló wá fẹ́ kọ́ Bàbá ní oògùn ní Ìlọrin?"

"Àlàájà, òun ló sọ̀rọ̀ ilà yẹn fún Bàbá níjọ́sí o."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó sọ ọ́, Bàbá sì ṣe é. Kí ló tún kù? Dìde nílẹ̀, o ń dí mi lọ́nà àlùbọ́sà."

Bàbá ti mọ́sálásí dé nínú aṣọ funfun, wọ́n ń rùn tùràrí. Wọ́n ní ká tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Saeedah fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀. Àlàájà gbé abọ́ náà wọlé, eṣinṣin tẹ̀ lé wọn bí ọmọ kéú tí ń tẹ̀ lé àáfà. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀.

Kò ṣeé sọ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Oyin ti sá lọ sí ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lókè ti di dúdú, ó ní awọ lórí, awọ náà ń dán, ó sì ń mí. Mo rò pé ojú mi ni. Ìfófòó kéékèèké ń ti abẹ́ rẹ̀ wú, ó ń bẹ́, ó ń wú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òwú funfun kan yọrí, bí ẹyin ojú tó yí padà. Òórùn náà kò dúró nímú mọ́, ó ti wà lórí ahọ́n mi. Tùràrí ara Bàbá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì burú sí i. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ tùràrí nítòsí mi mọ́.

Bàbá ka Fátíhà. Saeedah ti na ọwọ́ méjèèjì.

Ní kéú wa, bí àáfà bá ń kà tó bá fo ibì kan, ọmọ kéú kì í sọ pé ẹ ṣì í. Àfojúdi ni. Ńṣe ló máa gbé ohùn sókè lẹ́yìn rẹ̀, kó ka ibẹ̀ bó ṣe rí, kí àáfà fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe nìyẹn. Mo gbé ohùn sókè, mo ka ibi tí Ọlọ́hun ti ṣe ẹ̀jẹ̀ ní háráàmù.

Àlàájà yíjú sí mi wìì. Bàbá kò bínú. Wọ́n mi orí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá kà á re.

"O kà á dáadáa. Ka ìparí rẹ̀."

Mo tẹjú mọ́ eṣinṣin orí abọ́.

"Ka ìparí rẹ̀, Úmù."

Mo kà á. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣàánú ẹni tí ìnira bá há mọ́. Bàbá tún mi orí.

"Ṣé o rí i? Mo ti rò ó. Mo rò ó kí n tó fi ọwọ́ kàn án. Ìnira ló há mọ́ wa." Wọ́n gbé abọ́ náà. "Saeedah, sọ pé bísímílà."

"Bísímílà," Saeedah wí. Ó ti di ojú, ó ti la ẹnu, mo rí èrìgì rẹ̀ tó pọ́n. Eṣinṣin kan bà sí i létè, kò lágbára láti lé e.

Eṣinṣin yẹn ló ṣe é. N kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ Bàbá mú. N kò di ọwọ́ wọn mú rí.

"Bàbá, ẹ kì í ní ká jẹ wàláà."

"Kí lo wí?"

"Tí ẹ bá fẹ́ ká mu súrà, ẹ ń fọ̀ ọ́ kúrò lára wàláà ni. Ẹ kì í ní ká fá pákó wàláà jẹ, pẹ̀lú ìgbẹ́ alángbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀." Ohùn mi ń ga, n kò lè mú un wálẹ̀. "Ilà ni dókítà sọ. Ẹ̀jẹ̀ yìí, wàláà tí wọ́n kọ ilà sí ni. Ta ló fọ̀ ọ́, Bàbá? Ta ló fọ ilà kúrò lára rẹ̀? Odidi ọ̀tá lẹ fẹ́ kó mu, àti ikun rẹ̀, àti ẹyin eṣinṣin!"

"Wàyí o!" Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ó di Bàbá lọ́wọ́ mú! Úmù! Bàbá, ẹ gbá a létí!"

Bàbá kò gbá mi létí. Wọ́n ń wo inú abọ́.

"Oyin la fi fọ̀ ọ́," wọ́n wí, wẹ́rẹ́.

"Oyin bò ó ni, Bàbá. Kò fọ̀ ọ́."

"Ta wá ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́?"

"Àwọn tó ń kọ́ ọ. Dókítà ní wọn ò tíì kọ́ ọ tán."

Bàbá gbé abọ́ náà súnmọ́ ojú. Ó jọ pé wọn ò tíì gbóòórùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi àdúrà nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ láti ara rẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ kíákíá, ó fọ́n sára aṣọ funfun wọn.

"Làhílà," wọ́n wí. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

Wọn ò sọ pé mo jàre tàbí pé mo jẹ̀bi. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bọ́ aṣọ.

Saeedah ló bú sẹ́kún. Èmi ló ń bá jà, kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìwọ lo máa lọ gba díríìpù náà fún mi ni? Gbogbo ọdún wọ̀nyí lo fi ń dákẹ́ nínú ilé yìí, ìgbà tí mo fẹ́ sinmi lo wá rí ohùn!"

Mo gbé abọ́ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé, kò fẹ́ jáde. Ó dì mọ́ abọ́, ó wá yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀dọ̀ màlúù, ó dún pọ̀ọ́. Ìdin wà ní abẹ́ rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n funfun bí ìrẹsì, wọ́n ń wẹ̀ nínú oyin. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Saeedah ló rọra tẹ̀ lé ògiri wá, bóyá láti tún bá mi jà. Ó wo ilẹ̀.

"Èyí ni mo ti ṣe bísímílà sí?" ló wí, ó sì bì sára ẹsẹ̀ mi.

Mo bì tèmi náà. A dì mọ́ra wa, à ń bì, kò sí èyí tó lè tọ́jú èkejì. Àlàájà yọjú lójú fèrèsé, wọ́n wò wá, wọ́n ní ká rántí da eérú sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn náà ń yọ ẹnu, tí wọ́n ń yọ ọ́, tí wọ́n ń ha ahọ́n wọn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá tẹ̀ lé wa lọ sí ọsibítù. Wọn ò bá dókítà sọ nǹkan kan nípa abọ́, dókítà náà kò sì bi wọ́n. Wọ́n jókòó ti Saeedah títí omi pupa inú díríìpù fi parí. Nígbà tí a ń bọ̀, Saeedah bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní kété tí takisí wa dé oríta Challenge, láàrin fèrè àti èéfín ọkọ̀. Dírẹ́bà pariwo pé ká má ba àga òun jẹ́. Mo ń wá náílọ́ọ̀nù nínú báàgì mi, Bàbá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i lábẹ́ ẹnu.

Ó kún ọwọ́ wọn, ó ń kán sí wọn ní orúnkún, ó gbóná, ó ń rùn bí irin. Mo yíjú sí fèrèsé. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ṣì gbé ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀, wọn ò tú u ká.

"Úmù," wọ́n wí, "àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ilà yẹn, ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́ ọ tán?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Kí wọ́n ṣe kíá." Wọ́n tún gbé ọwọ́ súnmọ́ ẹnu rẹ̀. "Bì, ọmọ mi. Bì í dáadáa."